Ẹnubodè Méjì, Alárinà Kan

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí ènìyàn méjì bá fẹ́ bá ara wọn sọ, ó dára kí wọ́n sọ ọ́ lójúkoojú, kí ó má ṣe pé ẹnì kẹta ni yóò máa gbà á lẹ́nu ọ̀kan kí ó tó gbé e dé ọ̀dọ̀ èkejì. Ẹni tí ó bá ti rán ọmọ níṣẹ́ rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lè dín, ó lè lé, ó sì lè pẹ́ lọ́nà. Ohun tí ètò ti òní yóò yẹ̀ wò ni bí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí ṣe kan ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Báwo ni kọ̀ǹpútà méjì ṣe lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní tààrà nígbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà lẹ́yìn odi, tí oníbodè sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí kì í jẹ́ kí àlejò tí a kò ránṣẹ́ pè wọlé?

Lójú ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀, kò sí ìṣòro kankan níbẹ̀. Àbúrò wà ní Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n wà ní London. Wọ́n tẹ ẹ̀rọ, wọ́n sì ń wo ojú ara wọn bí ẹni wà nínú yàrá kan náà. Ohun tí ojú wọn kò tó ni pé kí ẹ̀gbọ́n tó fọhùn, ẹ̀rọ méjèèjì ti sa gbogbo ọgbọ́n láti rí ara wọn. Bí ọgbọ́n náà bá ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ wọn ń lọ ní tààrà. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ ẹlòmíràn ni ó ń ru ọ̀rọ̀ náà lọ, tí ó ń rù ú bọ̀. Èyí tí ó bá ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì kan owó, ó kan ìyára, ó sì kan àṣírí.

Ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ní láti ní àdírẹ́sì, gẹ́gẹ́ bí ilé ṣe ń ní nọ́ńbà. Ní ọdún 1981 ni wọ́n tẹ ìlànà àdírẹ́sì tí a mọ̀ sí IPv4 jáde. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1983 ni ARPANET, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ara rẹ̀ jáde, yí padà pátápátá sí i. Àpapọ̀ àdírẹ́sì tí ìlànà náà lè pèsè jẹ́ 4,294,967,296. Lójú àwọn tí ó gbé e kalẹ̀, òkun tí kò lè gbẹ ni, nítorí pé yunifásítì àti ilé ìwádìí ni ó ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nígbà náà. Nítorí náà, wọ́n pín àdírẹ́sì bí ẹni ń pín omi òjò. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ṣoṣo ní Amẹ́ríkà, èyí tí í ṣe MIT, gba 16,777,216.

Òkun náà gbẹ. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 2011 ni IANA, ọ́fíìsì àgbà tí ń pín àdírẹ́sì fún gbogbo ayé, pín ìdì ńláńlá márùn-ún tí ó ṣẹ́ kù fún àwọn ọ́fíìsì agbègbè márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdì ìkẹyìn tí ó bọ́ sọ́wọ́ AFRINIC, ọ́fíìsì tí ń pín àdírẹ́sì fún ilẹ̀ Áfíríkà, jẹ́ 16,777,216. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo nǹkan yìí: ìpín ìkẹyìn odindi ilẹ̀ Áfíríkà kò ju iye tí ilé ẹ̀kọ́ kan ti gbà láti ọjọ́ pípẹ́ lọ. Ẹni tí ó tètè dé odò ni ó pọn omi tí ó tòrò.

Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ti rí i ṣáájú pé odò yóò fà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1994, àwọn ọkùnrin méjì kan, Kjeld Egevang àti Paul Francis, tẹ ọgbọ́n kan jáde tí wọ́n pè ní NAT, èyí tí a lè pè ní ìpààrọ̀ àdírẹ́sì. Ní ọdún 1996 sì ni ìlànà kan fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn àdírẹ́sì kan, irú bí àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, yóò jẹ́ ti abẹ́ ilé nìkan. Ẹnikẹ́ni lè lò wọ́n nínú ilé rẹ̀ láìgba àṣẹ, ṣùgbọ́n wọn kò ní ìtumọ̀ ní òpópó. Gbogbo agbo ilé ni ó ní Màmá Àgbà tirẹ̀. Bí lẹ́tà bá dé ilé ìfìwéránṣẹ́ tí ó jẹ́ pé “Màmá Àgbà” nìkan ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ta ni yóò mọ ẹni tí a óò gbé e fún? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àdírẹ́sì abẹ́ ilé rí.

Ẹ̀rọ kékeré tí ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri inú ilé, tí a ń pè ní rọ́tà, ni oníbodè ilé náà. Òun nìkan ni ó ní àdírẹ́sì tí òpópó mọ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà inú ilé bá fẹ́ ránṣẹ́ síta, ó ń di ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìdì kéékèèké. Oníbodè á gba ìdì náà, á yọ àdírẹ́sì abẹ́ ilé kúrò lára rẹ̀, á fi ti ara rẹ̀ rọ́pò, á sì fún un ní nọ́ńbà kan tí ó dà bí nọ́ńbà ojúlé, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní pọ́ọ̀tù. Àdírẹ́sì kan lè ní 65,536 irú ojúlé bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni oníbodè á kọ ọ́ sínú ìwé pé: ojúlé báyìí, ti kọ̀ǹpútà báyìí ni, ọ̀dọ̀ ẹni báyìí ni ó ránṣẹ́ sí. Bí èsì bá dé, á yẹ ìwé wò, á sì gbé e fún ẹni tí ó ni ín. Bí ìdì kan bá dé tí kò sí nínú ìwé, oníbodè á dà á nù. Kì í ṣe ìkà. Kò kàn mọ ẹni tí ó ni ẹrù náà nínú ilé ni.

Ètò yìí gba ayé là lọ́wọ́ ọ̀wọ́n àdírẹ́sì, ṣùgbọ́n ó pín ayé sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan wà tí ẹnikẹ́ni lè kàn sí, àwọn kan sì wà tí wọ́n lè béèrè ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò lè béèrè lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ó fẹ́ ka ìwé ìròyìn lórí ẹ̀rọ kò ní mọ ìyàtọ̀, nítorí pé òun ni ó ń kanlẹ̀kùn ilé ẹlòmíràn. Ìgbà tí ẹni méjì tí wọ́n jọ wà lẹ́yìn odi bá fẹ́ kan ara wọn lára ni ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an-yàn-an.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ àbúrò àti ẹ̀gbọ́n. Àdírẹ́sì abẹ́ ilé kọ̀ǹpútà ti Ìbàdàn lè jẹ́ 192.168.1.5. Ti London náà lè jẹ́ 192.168.1.5 gan-an, nítorí pé Màmá Àgbà ni àwọn méjèèjì. Ká ní àdírẹ́sì oníbodè Ìbàdàn ní òpópó jẹ́ 203.0.113.7, tí ti London sì jẹ́ 198.51.100.9, àwọn nọ́ńbà tí a yà sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ nínú ìwé ni méjèèjì, kì í ṣe ti ilé ẹnikẹ́ni. Kọ̀ǹpútà ti Ìbàdàn kò mọ àdírẹ́sì oníbodè London. Ohun tí ó tún burú jù ni pé kò mọ àdírẹ́sì tí àwọn ará òde fi ń mọ òun fúnra rẹ̀, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni oníbodè ti ń pààrọ̀ rẹ̀.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, alárinà ni ó kù. Alárinà yìí jẹ́ kọ̀ǹpútà kan tí ó wà ní gbangba òpópó, tí ẹnikẹ́ni lè kàn sí. Kọ̀ǹpútà ti Ìbàdàn á ránṣẹ́ sí i pé kí ó jọ̀wọ́ sọ bí ó ti rí òun. Alárinà á dáhùn pé: “Láti 203.0.113.7, ojúlé 40001, ni ìdì rẹ ti wá.” Kọ̀ǹpútà ti London náà á béèrè, alárinà á sì sọ fún un pé 198.51.100.9, ojúlé 52000, ni tirẹ̀. Ìbéèrè àti ìdáhùn yìí ni ìlànà tí a ń pè ní STUN, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní ọdún 2003. Lẹ́yìn èyí, alárinà, tàbí ẹlòmíràn tí àwọn méjèèjì jọ mọ̀, á sọ nọ́ńbà ti èkíní fún èkejì.

Ibi tí ọgbọ́n wà gan-an nìyí. Àwọn méjèèjì á ránṣẹ́ sí ara wọn ní àkókò kan náà. Ká ní ìdì ti Ìbàdàn ni ó kọ́kọ́ dé ẹnubodè London, kí ti London tó jáde. Oníbodè London á yẹ ìwé wò, kò ní rí orúkọ rẹ̀, á sì dà á nù. Ó dà bí ẹni pé iṣẹ́ náà já sí asán, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìdì náà ń kọjá ní ẹnubodè Ìbàdàn, oníbodè ibẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ará ilé òun ránṣẹ́ sí 198.51.100.9, ojúlé 52000. Nítorí náà, nígbà tí ìdì ti London bá dé Ìbàdàn, oníbodè á rò pé èsì ni, á sì gbà á wọlé. Nígbà tí ìdì ti London sì ń jáde, oníbodè ti London náà ti kọ orúkọ Ìbàdàn sínú ìwé tirẹ̀. Èyí tí Ìbàdàn bá tún fi ránṣẹ́ lẹ́yìn náà á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹnì kan kò fọ́ odi, ẹnì kan kò sì tan oníbodè jẹ. Inú ilé ni wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn, lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn onímọ̀ ń pe ọgbọ́n yìí ní lílu ihò. Bí ojú bá sì ti mọ ojú tán, alárinà a yẹ̀ba.

Ní ọdún 2005, Bryan Ford, Pyda Srisuresh àti Dan Kegel gbé ìwádìí kan jáde lórí ọgbọ́n yìí. Nínú àwọn oníbodè tí wọ́n dán wò, nǹkan bí 82 nínú 100 ni ó gbà á láyè pẹ̀lú UDP, ìlànà tí ń ju ìdì síta láìdúró gba ìdáhùn. Nǹkan bí 64 nínú 100 ni ó gbà á láyè pẹ̀lú TCP, ìlànà tí ń kọ́kọ́ bọ ara ẹni lọ́wọ́ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ètò ìpè olóhùn àti olójú fi fẹ́ràn UDP.

Ó yẹ kí a mọ̀ pẹ̀lú pé ìwé oníbodè kì í ṣe ìwé ayérayé. Bí ìdákẹ́jẹ́ bá pọ̀, á pa orúkọ rẹ́ kí àyè lè gba ẹlòmíràn. Ìlànà kan tí ó jáde ní ọdún 2007 ní kí oníbodè má ṣe pa orúkọ UDP rẹ́ kí ìṣẹ́jú 2 tó pé, ṣùgbọ́n gbogbo oníbodè kọ́ ni ó ń pa òfin mọ́. Nítorí èyí ni àwọn ètò kọ̀ǹpútà ṣe ń fi ìdì kékeré ránṣẹ́ sí ara wọn lóòrèkóòrè, bí kò tilẹ̀ sí ọ̀rọ̀ kankan láti sọ. Nínú ètò tí a ń pè ní WireGuard, ìṣẹ́jú àáyá 25 ni àlàfo tí wọ́n dámọ̀ràn. Ó dà bí ẹni tí ń wúkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn kí wọ́n má baà tì í mọ́ òun.

Oníbodè mìíràn wà tí ó le ju èyí lọ. Gbogbo ẹni tí ará ilé bá ránṣẹ́ sí ni ó ń fún ní ojúlé ọ̀tọ̀. Ojúlé 40001 tí alárinà rí, ti alárinà nìkan ni. Nígbà tí kọ̀ǹpútà náà bá kọjú sí London, oníbodè lè fún un ní 47318. Ẹ̀gbọ́n á máa kan 40001, kò sì sí ẹni tí yóò dá a lóhùn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnubodè kan ṣoṣo ni ó le báyìí, ìṣirò lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Kọ̀ǹpútà tí ó wà lẹ́yìn oníbodè líle á ránṣẹ́ láti 256 ojúlé lẹ́ẹ̀kan náà, èkejì á sì máa kan ojúlé láìtò ó lẹ́sẹẹsẹ. Bí ó bá kàn án nígbà 1,024, ó ti ní àǹfààní nǹkan bí 98 nínú 100 láti bá ọ̀kan tí ó ṣí pàdé, dípò kí ó kan gbogbo 65,536. Àwọn olùkọ́ ìṣirò yóò rí i pé ìbátan ìṣirò ọjọ́ ìbí ni èyí, èyí tí ó fi hàn pé nínú kíláàsì ènìyàn 23, ó ju ìdajì àǹfààní lọ pé àwọn méjì yóò jọ ní ọjọ́ ìbí kan náà. Ṣùgbọ́n bí ẹnubodè méjèèjì bá le, agbára ìṣirò kò fi bẹ́ẹ̀ tó o mọ́.

Ìṣòro náà tún di ìlọ́po méjì nígbà tí ilé iṣẹ́ tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ kò bá ní àdírẹ́sì tí ó tó. Nígbà náà ni yóò gbé oníbodè ńlá kan ka iwájú àwọn oníbodè ilé, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníbàárà yóò jọ máa gba ẹnu ọ̀nà kan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012 ni wọ́n ya àdírẹ́sì 4,194,304 sọ́tọ̀ fún irú ètò yìí. Bí ẹni tí ó wà nínú ilé bá tilẹ̀ bẹ oníbodè tirẹ̀ pé kí ó ṣí ojúlé kan sílẹ̀ fún òun, oníbodè ńlá tí ó wà lókè kò sí lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Ibi tí àdírẹ́sì ti wọ́n jù ni èyí ti ń ni ènìyàn lára jù, àwọn tí ó sì pẹ́ dé odò ni àdírẹ́sì wọ́n fún.

Nígbà tí gbogbo ọgbọ́n bá pin, a ó ké sí alágbàrù. Kọ̀ǹpútà kan ní òpópó á gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èkíní, á sì gbé e fún èkejì. Ìlànà rẹ̀ ni TURN, tí ó jáde ní ọdún 2010. Ní ọdún kan náà ni ìlànà ICE jáde, èyí tí ń ṣètò gbogbo rẹ̀: á kó gbogbo àdírẹ́sì tí ó ṣeé ṣe jọ, ti abẹ́ ilé, èyí tí alárinà rí, àti ti alágbàrù, á dán wọn wò ní méjì-méjì, á sì mú èyí tí ó dára jù. Bí ẹni méjì bá wà nínú ilé kan náà, abẹ́ ilé ni wọn yóò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Alágbàrù ni ó máa ń gbẹ̀yìn. Orí ìlànà yìí ni WebRTC dúró lé, èyí tí ó jẹ́ kí ènìyàn lè ṣe ìpè olójú láti inú ètò tí a fi ń wo ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó sì di ìlànà àjọ W3C ní oṣù kìíní ọdún 2021.

Ẹnì kan lè béèrè pé: bí alágbàrù bá wà, kí ni gbogbo wàhálà yìí wà fún? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé alágbàrù kì í ru ẹrù lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnì kan ni yóò san owó kọ̀ǹpútà rẹ̀ àti owó ọ̀nà rẹ̀. Bí ó bá jìnnà sí àwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ yóò pẹ́ lọ́nà. Ará Ìbàdàn méjì tí ilé wọn kò jìnnà síra lè máa gba òkè òkun kọjá kí wọ́n tó kí ara wọn. Bí alágbàrù bá sì ṣubú, ọ̀rọ̀ parí. Lóòótọ́, bí a bá fi kọ́kọ́rọ́ ti ọ̀rọ̀ láti orí dé ìdí, alágbàrù kò lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Síbẹ̀, ó mọ ẹni tí ó ń bá ẹni sọ̀rọ̀, ó mọ ìgbà, ó sì mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀ tó.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a dá ẹjọ́ ẹnì kan. Ọ̀nà tààrà náà ní ewu tirẹ̀. Ẹni tí a bá bá sọ̀rọ̀ ní tààrà yóò mọ àdírẹ́sì ẹnubodè wa, àdírẹ́sì sì lè fi agbègbè tí ènìyàn wà hàn. Fún ẹni tí ń sá fún ọ̀tá, ó lè sàn kí alágbàrù wà láàárín. Ìdí nìyí tí WhatsApp fi fún àwọn tí ń lò ó ní àyè láti yan bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2023. Alárinà pàápàá ṣe é fura sí. Alárinà búburú lè fi nọ́ńbà tirẹ̀ rọ́pò ti ẹ̀gbọ́n, kí ó sì jókòó sáàárín. Ohun tí ó ń dènà èyí ni kí àwọn méjèèjì fi ẹnu ara wọn ka àmì kan fún ara wọn. Nínú Signal àti WhatsApp, nọ́ńbà 60 ni àmì náà. Bí ti èkíní bá bá ti èkejì mu, kò sí ẹnì kẹta.

Oògùn tí ó wo ìdí àrùn yìí wà. Ìlànà IPv6, tí ó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 1998, tí wọ́n sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 2017, fẹ àdírẹ́sì láti bíìtì 32 sí 128. Ó tó kí gbogbo ẹ̀rọ ayé ní tirẹ̀, kí ó sì ṣẹ́ kù rẹpẹtẹ. Oníbodè kò ní ṣàìsí, nítorí pé ilé tí kò ní ilẹ̀kùn, olè ni í ni ín. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ yóò kù sí ṣíṣọ́ ẹnu ọ̀nà nìkan. Kò ní pààrọ̀ orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn méjèèjì ṣì lè ní láti jọ kanlẹ̀kùn láti inú ilé, ṣùgbọ́n kò sí pé àdírẹ́sì ń yí padà lẹ́yìn wọn.

Fún àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí ó yẹ kí ó kù lọ́kàn ni pé ọ̀wọ́n àdírẹ́sì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣirò nìkan. Ẹni tí kò ní àdírẹ́sì lè máa rà, kò lè tà. Ó lè máa kanlẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni kò lè kan tirẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá fẹ́ kí iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tí ayé yóò sì lè wá wò ó níbẹ̀, yóò ní láti bi ẹni tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún un ní ìbéèrè méjì: ǹjẹ́ a ní àdírẹ́sì tiwa ní òpópó? Ǹjẹ́ IPv6 ti dé ọ̀dọ̀ yín? Ìdáhùn ìbéèrè méjèèjì ni yóò fi hàn bóyá ilé ẹ̀kọ́ náà ní ojúlé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí ẹ̀yìn odi ẹlòmíràn ni ó wà. Ibi tí ètò ti òní mọ nìyí.